Ìwé Alàájà Tí Mo Fi Sínú Báàgì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n má tún rí àwáwí mìíràn. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò dà nínú mi. Orúkọ mi ni Rashidat Gbàdàmọ́sí, lọ́yà ni mí. Ohun tí mo yàn láàyò nínú iṣẹ́ lọ́yà ni kí n máa pa ilé iṣẹ́ méjì pọ̀ di ọ̀kan, tàbí kí n bá ilé iṣẹ́ ńlá ra kékeré. Àwọn tó mọ̀ mí lẹ́nu iṣẹ́ máa ń sọ pé ọwọ́ mi yá. Òótọ́ ni, ọwọ́ mi yá, ẹnu mi sì yá ju ọwọ́ lọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀rù ò bà mí, inú mi ló ń dùn. Mi ò mọ̀ pé òótọ́ máa ń dùn ún sọ tó báyìí. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti sọ ọ́ tipẹ́. Ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí èmi fúnra mi ò lè fara balẹ̀.

Fola Agoro, ní Ṣómólú l'Ékòó, ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé bàbá bàbá mi. Ilé kejì sí tiwa ni Alàájà Munirat àti ọkọ rẹ̀, Alàájì Saheed, ń gbé. Ẹja ni Alàájà ń rà lọ́wọ́ àwọn apẹja ní Ìlàjẹ, ní etí ọ̀sà Bariga, tó ń yan án, tó ń tà á. Alàájì ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, níbi tí ènìyàn mọ́kàndínlógún ti ń jẹun. Owó ẹja ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ níbẹ̀, Alàájì kì í sì í fi pamọ́. Bí àlejò bá wọlé, á fọwọ́ lu ẹ̀rọ náà, á ní, "Ẹja ló bí èyí o." Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó fún ìyàwó rẹ̀ ní ìpín ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, òun náà mú ọgbọ̀n, àbúrò rẹ̀ Ahmed àti ìyàwó Ahmed sì mú ogójì tó kù.

Èmi náà jẹ nínú ẹja yẹn. Láti kékeré ni Alàájà ti máa ń mú mi dání lọ sí Ìlàjẹ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí pé mo gbọ́n lẹ́nu ju ọjọ́ orí mi lọ. Tí apẹja bá ti ń gbówó lé ẹja, á tì mí síwájú, á ní, "Ẹ bá ẹnu mi sọ̀rọ̀." Èmi á sì bẹ̀rẹ̀. Báyìí ló ṣe di pé Ẹnu Mi ló ń pè mí, títí mo fi wọ yunifásítì, títí mo fi di lọ́yà. Tabitha, obìnrin ará Ṣakí tó ń di ìwé ní ilé ìtẹ̀wé náà, ló bá mi di gbogbo ìwé tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ òfin, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọdún 1999, àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, iṣẹ́ sì kún Ṣómólú. Gbogbo ẹni tó ń du ipò ló fẹ́ rí fọ́tò ara rẹ̀ lára ògiri. Ọ́fíìsì Lọ́yà Adéjìmí ni mo wà nígbà náà, òun ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn débi pé ẹ̀rín ni mo fi ń jí láàárọ̀. Ká mú ilé iṣẹ́ méjì, ká tú wọn palẹ̀ sórí tábìlì, ká wo ohun tí tibí ní àti ohun tí tọ̀hún kò ní, ká wá rán wọn pọ̀ títí ẹnikẹ́ni ò fi ní rí ojú rírán. Tí ìwé ìkẹyìn bá ti gba òǹtẹ̀, ara mi á yá bí ẹni tó gbá góòlù wọlé. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi ṣe ohunkóhun. Ayọ̀ ni mo fi ṣe é.

Ìgbà náà ni Díákónì Ezekiel Àjàlá wá bá wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń lọ. Ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ladi-Lak, ní Bariga, tóbi ju ti Alàájì Saheed lọ, ó sì ti ń fojú sí iṣẹ́ ìdìbò ọdún 2003. Ó ní tí òun bá pa ilé iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, kò sẹ́ni tó máa gba iṣẹ́ ńlá mọ́ òun lọ́wọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ránṣẹ́ sí Alàájì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Alàájì dá a lóhùn pé, "Díákónì, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n tí iyọ̀ bá ti wọnú ọbẹ̀, ta ló tún máa rí iyọ̀?" Ahmed ní tirẹ̀ ti gbà, nítorí Díákónì ti ṣèlérí ipò ọ̀gá kan fún un. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìpín tó bá wá dìbò gbà, ti Ahmed kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 2001, Alàájì Saheed kú. Mo sunkún, ẹkún gidi. A ò tíì pẹ́ ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán tí ọ̀gá mi pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Rashidat, kí ni òfin wá sọ báyìí?" Mo ní ìpín olóògbé kò lè dìbò títí kọ́ọ̀tù á fi fún àwọn ajogún ní ìwé, nítorí náà ó ku ogójì Ahmed àti ọgbọ̀n Alàájà. Adéjìmí mí kanlẹ̀. Ó ní, "Obìnrin yẹn ò ní gbà láéláé. Pa fáìlì yẹn dé, jàre." Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọ̀gá mi. Ó ti ń pa fáìlì dé. Èmi ni mo ní, "Ọ̀gá, kò lè wá sí ìpàdé. Ó ń ṣe opó."

Ó wò mí. "Ìgbà wo ló máa jáde?" Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó Mùsùlùmí fi ń jókòó sílé tí ọkọ rẹ̀ bá kú; kì í lọ òde, kì í lọ ìpàdé. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri wa, ilé ìtẹ̀wé Alàájì ló tẹ̀ ẹ́. Mo dìde, mo fi bírò pupa yí ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje ká. Mo ní, "Tá a bá parí gbogbo ẹ̀ kí ọjọ́ yìí tó pé, ìbò Ahmed nìkan ló máa wà nílẹ̀." Adéjìmí bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, o burú o." Ìyìn ni mo kà á sí. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Láti ọjọ́ yẹn, a bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Òfin ní kí ìwé ìpè dé ọwọ́ gbogbo ẹni tó ní ìpín ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú ìpàdé. Ta ló wá máa gbé e dé ọ̀dọ̀ opó? Ọkùnrin àlejò kò lè wọlé tọ̀ ọ́. Adéjìmí ní, "Ìwọ ni wọ́n máa jẹ́ kó wọlé." Òun ló sọ ìyẹn o, mo gbọ́dọ̀ fún un ní tirẹ̀.

Alàájà jókòó sórí ẹní, aṣọ funfun kan lọ́rùn rẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹnu Mi, káàbọ̀. O ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun. "Irọ́ ni. Wo bí ojú ẹ ṣe wọnú." Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Mo jẹun yó kí n tó yọ ìwé jáde, kí n tó kà á fún un. Ó ní, "Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún? Wọn ò mọ̀ pé mo wà nínú opó ni?" Mo ní, "Wọ́n mọ̀, Màmá." Ó ní, "Ta ló wá mú ọjọ́ yẹn?" Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Àwọn lọ́yà ni." Ẹ wo irú ìdáhùn. Òótọ́ ni tí ẹ bá gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, irọ́ ni láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó wá béèrè ohun tí mi ò rò pé ó máa béèrè. "Òfin tí ẹ kọ́ yìí, ṣé kò ní nǹkan kan fún ẹni tí kò lè jáde? Aláìsàn ńkọ́? Ẹni tó wà ní Mẹ́kà ńkọ́?" Ká ní mo ní kò sí ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn tí ènìyàn bá béèrè ìbéèrè tó dáa nípa òfin, ẹnu mi ti ṣí kí n tó mọ̀. Mo ní, "Ó wà, Màmá. Ẹ lè yan aṣojú. Ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé, aṣojú yẹn á dìbò bí ẹ bá ṣe ní kó dì í." Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Alàájì ti kú. Ó ní, "Ta ni mo tún máa wá kiri, nígbà tí mo ní ẹnu?"

Ìwé aṣojú náà wà lẹ́yìn ìwé ìpè tẹ́lẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ni Alàájà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ, ó sì rọra kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró. Níbi tí wọ́n ti ní kó mú gbà tàbí kò gbà, ó fàmì sí kò gbà, ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì kó lè hàn dáadáa. Ó ní, "Sọ fún wọn pé mo ṣèlérí fún Saheed. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn kúrò ní Ṣómólú, kí n má jẹ́ kí wọ́n lé àwọn èèyàn yẹn lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn." Kò béèrè ta ni mo ń ṣiṣẹ́ fún. Kò wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ kí òun béèrè. Èmi náà ò sọ.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta ṣáájú ìpàdé. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti di bébà lásán. Ó sì wà nínú báàgì dúdú mi. Mo ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo ń gbé e bọ̀. Mi ò pinnu pé mi ò ní fi jíṣẹ́. Mo kàn ń sọ fún ara mi lójoojúmọ́ pé ó di ọ̀la. Ní Ọjọ́bọ̀ tí àyè ìkẹyìn máa pé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé náà. Tabitha rí mi, ó ní, "Lọ́yà wa, ẹ wọlé kí ẹ mu omi." Mo ní mo ń kánjú. Mo rìn títí dé ìkóríta, mo dúró síbẹ̀, mo ń wo aago ọwọ́ mi. Nígbà tó di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, àyà mi balẹ̀. Mo ní mo gbàgbé ni. Èmi tí kì í gbàgbé ọjọ́ kankan nínú fáìlì.

Ní ìpàdé, Ahmed wo àga tó ṣófo. Ó ní, "Alàájà ò rán ẹnikẹ́ni wá?" Adéjìmí wò mí. Èmi ni mo ń kọ ìwé ìpàdé, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí aṣojú. Kó tó pé ogún ìṣẹ́jú, ó ti parí. Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí ẹ lè bínú dáadáa: mo ra súyà lọ́jọ́ yẹn, mo ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku kọ́ọ̀tù, nítorí adájọ́ ló máa ń fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Oṣù kẹfà ni. Adéjìmí ní èmi ni kí n dìde sọ̀rọ̀, pé mo ti gbìyànjú, mo sì dìde nínú wíìgì tuntun mi, orí mi ń wú. Adájọ́ yẹ ìwé wò, ó yọ dígí ojú rẹ̀. Ó ní, "Lọ́yà, nínú gbogbo àwọn tó ní ìpín, ṣé ẹnì kan wà tó ní òun ò fẹ́?" Báàgì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìwé Alàájà ṣì wà nínú rẹ̀, mi ò ya á, mi ò sì yọ ọ́. Mo ní, "Kò sí, Olúwa mi."

Ìyẹn ni iṣẹ́ ibi náà gan-an. Gbogbo èyí tó ṣáájú, mo lè ní mo pẹ́ ni, mo lè ní mo gbàgbé. Gbólóhùn yẹn, kò síbi tí mo lè gbé e sá sí. Adájọ́ fọwọ́ sí i, ó kí mi pé mo ṣe iṣẹ́ mi mọ́ tónítóní.

Mo lọ bá Alàájà lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Màmá, a jà títí. Wọ́n pọ̀ jù wá lọ." Mo fi ọwọ́ bojú, nítorí mi ò fẹ́ kó rí ojú mi, ó rò pé mo ń sunkún. Ó fà mí mọ́ra. Ó ní, "Má sunkún, Ẹnu Mi. O ti ṣe tìrẹ."

Ọjọ́ tó jáde opó, ó wẹ̀, ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé tí Alàájì rà fún un, ó ní kí n sin òun lọ sí ilé ìtẹ̀wé kí òun lè fojú ara òun rí i. Ẹsẹ̀ la fi rìn, torí ó fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò. A débẹ̀, wọ́n ti yọ orúkọ Alàájì kúrò lókè ilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin ń fi okùn fa ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn gun ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń lọ sí Ladi-Lak. Tabitha jókòó sórí ìdì bébà níta, ike gúlú lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Alàájà, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Wọ́n ní ẹ̀yin náà lẹ gbà." Alàájà ní, "Ta ló ní mo gbà? Mo rán Rashidat. Ó jà fún wa níbẹ̀, wọ́n pọ̀ jù ú lọ ni." Ni àwọn mọ́kàndínlógún bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Tabitha kúnlẹ̀ kí mi, èmi tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Mo dáhùn pé kò tọ́pẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gba ọpẹ́ náà.

Ohun tó yẹ kó wá pa mí, òun ló gbé mi ga. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn báńkì máa pa ara wọn pọ̀ ní ọdún 2005, orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lọ́fíìsì wa. Mo di ọ̀gá ara mi. Ní gbogbo ọdún Iléyá, Alàájà máa ń fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí mi láti Ìlàjẹ, á ní kí wọ́n fún ọmọ tó jà fún òun. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé mò ń jẹ ẹ́. Mò ń jẹ ẹ́, ó sì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ní oṣù tó kọjá, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ó ní òun fẹ́ kọ ìwé ìhágún. Ó ní, "Ìwọ tí o jẹ́ ẹnu mi nígbà yẹn, ìwọ náà ni kí o jẹ́ ẹnu mi tí mi ò bá sí mọ́." Mo yọ bírò, mo gbé bébà lé itan. Bírò yẹn ò kọ nǹkan kan. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ọ́, ó ń dà jáde wàràwàrà: kàlẹ́ńdà, bírò pupa, ìkóríta, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, adájọ́. Mi ò fi ẹyọ kan pamọ́. Ara mi sì ń fúyẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí fún ẹ̀rín náà.

Alàájà ka tẹ̀súbáà ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi parí. Ó ní, "Ìwé yẹn dà?" Mo lọ mú un wá láti ilé. Ó fi dígí sójú, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọwọ́ mi dáa nígbà yẹn." Ó tún ní, "Rashidat." Kò pè mí ní Ẹnu Mi. "O fẹ́ kí n dárí jì ọ́ nínú yàrá yìí, ká pa ilẹ̀kùn dé, kí o lọ sílé lọ sùn. Iṣẹ́ tí mo rán ẹ, o ò tíì jẹ́ ẹ. Lọ jẹ́ iṣẹ́ mi ná. Lọ sọ ọ́ níbi tí èèyàn wà, kí Tabitha bá mi tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti jáde, mo máa mọ èyí tí mo máa ṣe." Ó dá ìwé náà padà fún mi, ó ní kí n fa ilẹ̀kùn tí mo bá ń lọ.

Tabitha ní ẹ̀rọ kékeré kan tirẹ̀ ní Ṣómólú báyìí. Àná ni mo gbé ìjẹ́wọ́ yìí lọ fún un. Ó kà á lórí ìdúró. Kò ní kí n mu omi. Ó béèrè pé, "Ẹ̀dà mélòó?" Mo ní kó kọ́kọ́ tẹ mọ́kàndínlógún, kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣì wà láàyè àti ilé àwọn tó ti kú, lẹ́yìn náà kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń bá lọ́yà wí pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba wíìgì, ẹ bi ara yín léèrè lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá ń dùn mọ́ yín jù, ta ló jókòó sílé tí kò lè jáde. Kì í ṣe ìgbà tí inú mi bàjẹ́ ni mo ṣe ibi yìí, ìgbà tí inú mi dùn jù ni.

Alàájà, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin mọ́kàndínlógún, ẹ forí jì mí. Bí ẹ bá sì ní ẹ ò lè ṣe é, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jíṣẹ́ ná, kí ó tó tún pẹ́. Èmi Rashidat Gbàdàmọ́sí, tí Alàájà Munirat yàn láti sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀ ní ìpàdé ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 2001, mo dìde báyìí, mo sì jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi: Alàájà kò gbà.